Ẹ́ńjìnì 2008 Nínú Camry 2003: Ta Ni Scanner Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹ dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, kí ẹ sọ pé ẹ ń wá ẹ́ńjìnì Camry. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń tà á máa sọ ni pé, “2AZ ni gbogbo wọn, ẹ́ńjìnì kan náà ni, á wọlé wẹ́rẹ́.” Kò fi gbogbo ara purọ́ o. Ẹ́ńjìnì 2AZ-FE, oní-sìlíńdà mẹ́rin, líta 2.4, ni Toyota fi sínú Camry tó ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2002 títí dé 2009. Big Daddy lò ó, Muscle náà lò ó. Ẹ pààrọ̀ ìjókòó ẹ́ńjìnì, ẹ di bóòtì, ẹ da ọ́ìlì sí i, ọkọ̀ lè stáàtì. Wàhálà gan-an kì í jẹ́ ti ọjọ́ yẹn. Ó lè di ọ̀sẹ̀ kejì kí iná check engine tó tàn, kí mẹkáníìkì ki scanner bọ̀ ọ́, kí scanner ní òun ò rí ẹnì kankan bá sọ̀rọ̀. Èyí tó tún burú jù ni kó rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kí ẹni yẹn wá máa ròyìn ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kì í béèrè “ṣé á wọlé?” lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: brain box wo ló máa máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì náà?

Torí scanner kì í bá ẹ́ńjìnì sọ̀rọ̀. Irin ni ẹ́ńjìnì, kò gbọ́ èdè kankan. Ẹni tí scanner ń bá sọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà kékeré tí gbogbo wa ń pè ní brain box. Sẹ́ńsọ̀ ni ojú àti etí rẹ̀: ọ̀kan ń wọn ooru omi, ọ̀kan ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ọ̀kan ń ka bí kránkì ṣe ń yí, ọ̀kan jókòó sínú páìpù sàlẹ́ńsà, ó ń wo ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín. Brain box ò rí ẹ́ńjìnì rí láyé ẹ̀. Iná tí wáyà bá gbé wá nìkan ló mọ̀. Tí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mìíràn síwájú ẹ̀, kò ní mọ̀ pé àlejò dé. Á kàn máa ka ti àlejò bíi pé ti ọmọ ilé ni.

Kí ló wá dé tí ọdún fi ṣe pàtàkì tó báyìí? Láti ìpínlẹ̀ California lọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1940 ni kùrukùru èéfín ti ń ta àwọn ará Los Angeles lójú, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1950, Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Caltech, ṣàlàyé pé ìtànṣán oòrùn ló ń sọ èéfín ọkọ̀ àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ ìfọpo di nǹkan náà. Ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin lórí èéfín ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á lè máa tú èéfín burúkú jáde lọ́dún kẹta, kí awakọ̀ má sì mọ̀. Wọ́n wá ní kí ọkọ̀ máa ṣọ́ ara ẹ̀. Ọkọ̀ ọdún 1988 tí wọ́n tà ní California ló kọ́kọ́ bọ́ sábẹ́ òfin yìí, òun là ń pè ní OBD-I.

Ní ayé OBD-I, olúkúlùkù ló ń ṣe tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Lórí Camry 1994, wáyà lásán ni scanner yín: ẹ máa so ihò TE1 mọ́ E1 lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó wá jókòó máa ka bí iná check engine ṣe ń ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi, ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin: kóòdù 14 nìyẹn, ó ń sọ ti iná plọ́ọ̀gì. Mo mọ àwọn àgbà rìwáyà tí wọ́n ṣì máa ń ṣe é láìwo ìwé.

Ọdún 1996 ni gbogbo ẹ̀ yí padà. Òfin ní gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ń tà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní OBD-II: ojú ibi tí wọ́n ń ki scanner bọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, oní-ihò 16, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kóòdù tó wọ́pọ̀ náà sì jẹ́ ọ̀kan. P0301 lórí Ford, P0301 lórí Toyota, ohun kan náà ló ń sọ: sìlíńdà kìíní ò jó epo dáadáa. Yúróòpù ṣe tiwọn fún ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù ní 2001. Bó ṣe di pé òfin tí àwọn ará California ṣe nítorí ojú tó ń ta wọ́n ni rìwáyà ń kà lórí fóònù n'Íbàdàn nìyẹn, torí ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Amẹ́ríkà ló pọ̀ lójú títì wa.

Ẹ má rò pé ihò scanner nìkan ni OBD-II yí padà. Iṣẹ́ tí brain box ń ṣe pọ̀ sí i, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ́ńjìnì ọdún mìíràn ti máa ń kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ n mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà, torí ó máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní: báwo ni brain box ṣe ń mọ̀ pé sìlíńdà kan ò jó epo?

Kò sí sẹ́ńsọ̀ kankan nínú sìlíńdà tó ń wòye iná. Ohun tó wà ni àgbá kékeré kan tó ní eyín lára, tó ń bá kránkì yí, àti sẹ́ńsọ̀ kan tó ń ka eyín náà bó ṣe ń kọjá. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì Toyota, àyè eyín 36 ló wà lórí àgbá yìí, wọ́n sì yọ méjì kúrò kí brain box lè mọ ibi tí ìyípo ti bẹ̀rẹ̀. Láti eyín kan sí èkejì jẹ́ dígírì 10. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí lẹ́ẹ̀ 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìyípo 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àkókò láti eyín kan sí èkejì fi díẹ̀ lé ní ìdajì ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbàkígbà tí epo bá bú gbàmù nínú sìlíńdà, ó máa ń ti kránkì síwájú, eyín á sì tètè dé. Tí sìlíńdà kan ò bá jó, kò sẹ́ni tó máa ti kránkì lásìkò yẹn, eyín tó tẹ̀ lé e á pẹ́ dé ní ìwọ̀nba tí ọmọ èèyàn ò lè mọ̀ lára. Brain box mọ̀ ọ́n. Á wo sìlíńdà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn, á kọ P0301, tàbí P0302, títí dé P0304. Tí kò bá rí ẹni dá lẹ́bi, á kọ P0300.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí àgbá eyín ẹ́ńjìnì tó wọlé ò bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tí brain box mọ̀. Ìṣirò á dàrú. Bóyá ẹ́ńjìnì ò ní stáàtì rárá, bóyá á stáàtì kó máa jẹ́kì, kóòdù tó bá sì jáde á máa tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni 5S-FE, ẹ́ńjìnì Camry ti ìgbà Big Daddy kò tíì dé. Ti 1994 ní distributor, inú ẹ̀ sì ni àmì yíyí kránkì ti ń wá. Ti 1998 ò ní distributor mọ́. Orúkọ kan náà ló wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbé ti 1998 sínú ọkọ̀ 1994 pẹ̀lú brain box àtijọ́ ti fi brain box náà síbi tó ti ń retí ohùn ẹni tí kò sí nílé.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà. Ojú scanner jẹ́ ọ̀kan láti 1996, ṣùgbọ́n èdè tó ń gba inú ẹ̀ kọjá pọ̀. GM ní tiẹ̀, Ford ní tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan àti Yúróòpù sì ń lo wáyà kan tó wà ní ihò 7. Camry 2003 wà lára àwọn yẹn, 10.4 kilobit ló ń sọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tó di ọkọ̀ ọdún 2008, òfin Amẹ́ríkà ní CAN ni kí gbogbo ọkọ̀ máa fi bá scanner sọ̀rọ̀, ìyẹn èdè tí Bosch ti Jámánì gbé jáde ní 1986. Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra ni CAN ń lò, ihò 6 àti 14, 500 kilobit sì ni ìyára ẹ̀. Camry 2007 ti ń sọ ọ́ kí òfin tó fi dandan lé e. Nítorí náà, ẹ lè fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ojú scanner, kí ẹ wo ihò tó ní irin nínú. Iná báàtìrì ló wà ní 16, earth wà ní 4 àti 5, gbogbo ọkọ̀ ló ní ìyẹn. 6, 7 àti 14 ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ́ńjìnì 2008 náà sínú Camry 2003. Kí ló tiẹ̀ lè mú èèyàn ṣe é? 2AZ-FE àwọn ọdún àkọ́kọ́ ní àìsàn kan tí mẹkáníìkì mọ̀ dáadáa: ihò bóòtì tó de orí ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ máa ń jẹ, bóòtì á máa yí lásán, omi á máa jò, ẹ́ńjìnì á gbóná. Ti ẹ̀yìn ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yẹn mọ́. (Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀. Ti 2007 sí 2009 ní tiẹ̀: ó máa ń mu ọ́ìlì, débi pé Toyota fi kún àkókò wáráǹtì lórí ẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì wò kí ẹ tó sanwó.)

Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ fi brain box 2003 sílẹ̀ síbi tó wà. Lórí ọkọ̀ 2003, okùn irin ló so ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́ throttle, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Lórí 2008, kò sí okùn mọ́: sẹ́ńsọ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ á sọ fún brain box, brain box á ní kí mọ́tò kékeré kan ṣí ilẹ̀kùn. Brain box 2003 ò mọ mọ́tò yẹn rí, kò ní wáyà tó lè fi dárí ẹ̀. Nítorí náà, ẹ ó tú throttle, páìpù afẹ́fẹ́, injector, àwọn sẹ́ńsọ̀ àti páìpù èéfín kúrò lára ẹ́ńjìnì tó kú, ẹ ó sì dè wọ́n mọ́ tuntun. Iṣẹ́ ọjọ́ kan sí méjì ló máa fi kún un, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò sì fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣe é tán, etí tí brain box mọ̀ náà ló ń lò, ihò 7 náà ni scanner á ti bá a, kóòdù tó bá sì jáde, ẹ lè gbà á gbọ́. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà nínú bí ẹ́ńjìnì méjèèjì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, 9.6 fún ti àkọ́kọ́, 9.8 fún ti ẹ̀yìn, kò tó nǹkan tó ń dà á láàmú. Sẹ́ńsọ̀ tó ń fetí sí kíkan ẹ́ńjìnì wà níbẹ̀ fún irú ẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti máa ń bàjẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ torí pé “ó wọ̀ ọ́”. Sẹ́ńsọ̀ inú páìpù èéfín burú jù. Oríṣi kan ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú vólítì: nǹkan bíi 0.1 tí epo bá kéré jù, nǹkan bíi 0.9 tó bá pọ̀ jù. Oríṣi kejì ń fi bí iná ṣe ń ṣàn sọ̀rọ̀, ó sì lè sọ iye tó fi pọ̀ tàbí tó fi kéré. Méjèèjì lè wọ ihò páìpù kan náà bí ìbejì. Ẹ fi ọ̀kan sípò èkejì, brain box á máa rò pé epo ò tó, á máa da epo sí i, á sì kọ P0171 tó ń fẹ̀sùn kan afẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn á pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, wọn á fọ injector, wọn á tún ra plọ́ọ̀gì tuntun. Owó ti lọ, àìsàn ò kúrò.

Ọ̀nà kejì ni kí brain box 2008 bá ẹ́ńjìnì ẹ̀ wá. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Òun náà á fẹ́ pẹ́dà ẹ̀, wáyà ẹ̀ látòkèdélẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ tí ọkọ̀ náà bá ní ètò adènà olè, torí tí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́. Á máa pe àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lórí CAN, ti búréèkì ABS àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù, wọn ò sì ní dáhùn torí èdè wọn ò dọ́gba. Kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U á wá pọ̀: U0121 túmọ̀ sí pé kò gbọ́ ohùn ABS. Ojú scanner náà gbọ́dọ̀ yí, kí wáyà CAN dé ihò 6 àti 14. Ẹ lè fi mítà rìwáyà yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ yọ báàtìrì, ẹ wọn àárín 6 àti 14, kó kà tó 60 ohm, torí òǹdènà 120 méjì ló máa ń wà ní òpin wáyà náà. Tó bá ka 120, apá kan ti já tàbí wọn ò so ó. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gba ọ̀nà yìí àfi tó bá ra gbogbo iwájú ọkọ̀ tí wọ́n gé, pẹ̀lú wáyà àti kọ́kọ́rọ́.

Ní California, ẹ́ńjìnì tí ẹ bá fi sínú ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ dàgbà ju ọkọ̀ lọ, gbogbo ẹ̀rọ ìdènà èéfín ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá, òṣìṣẹ́ kan á sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Lọ́dọ̀ tiwa, olówó ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yẹn.

Aládùúgbò mi kan tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò ra Camry tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́ tónítóní. Tó bá yí kọ́kọ́rọ́, check engine á tàn; tó bá stáàtì, á kú. Ó rò pé ara ọkọ̀ le. Lóṣù kejì, ọkọ̀ ò lè gun òkè mọ́, bíi pé wọ́n fi aṣọ dí i nímú. Nígbà tí mo so scanner mọ́ ọn, ohun tó kọ́kọ́ jáde ni pé brain box ti ní kí iná check engine tàn, bẹ́ẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù ṣókùnkùn. P0302 àti P0171 wà níbẹ̀. Ẹni tó ta ọkọ̀ ti já wáyà iná check engine, ó so ó mọ́ ti ọ́ìlì kí méjèèjì lè máa kú pọ̀. Sìlíńdà kejì ò jó epo dáadáa látọjọ́ yìí wá, epo tí kò jó ń lọ bá catalytic converter inú páìpù èéfín, ó ń jó síbẹ̀, ooru sì ti yọ́ inú ẹ̀ títí ó fi dí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ fi wà nílẹ̀, owó oúnjẹ ilé sì wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ká ní iná náà wà lójú òtítọ́ ni, ì bá máa ṣẹ́jú fún un. Check engine tó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ ń lọ ń sọ pé catalytic converter ń bàjẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀la.

Torí náà, ẹ mú fóònù àti scanner Bluetooth kékeré dání tí ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n tó stáàtì ẹ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì stáàtì, ẹ wo ooru omi àti ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé: ẹ́ńjìnì tó sùn mọ́jú, méjèèjì gbọ́dọ̀ súnmọ́ra. Tí ọ̀kan bá ka 28, tí èkejì ka 60, sẹ́ńsọ̀ kan kì í ṣe ọmọ ilé. Ẹ stáàtì ẹ̀, ẹ wò bóyá ohun tí scanner sọ nípa iná check engine bá ti dáṣíbọ́ọ̀dù mu. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ 2005 sókè, brain box á tún sọ nọ́ńbà ṣásí tó mọ̀. Ẹ fi wé èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Tí wọn ò bá dọ́gba, ẹ ti mọ̀ pé brain box àlejò ni, ẹ bi wọ́n léèrè wáyà àti kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ “readiness” sí. Níbẹ̀ ni brain box ti ń sọ àyẹ̀wò ara tó ti parí àti èyí tí kò tíì ṣe. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́, tàbí tí wọ́n yọ báàtìrì láàárọ̀ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ ló máa wà ní “not ready”, torí brain box nílò kí ọkọ̀ tutù, kí ó gbóná, kí ó rìn ní eré oríṣiríṣi kí ó tó parí wọn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí kí wọ́n wà á fúnra wọn kí ẹ padà wá. Tí wọ́n bá ní kò sáyè, ẹ yọ owó catalytic converter kan kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.